Ipa Àwùjọ nínú Ìgbẹnusọ àti Ìtìlẹ́yìn fún Àwọn tí Ó Ń Bọ̀ Sípò lọ́wọ́ Oògùn Olóró

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹni tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún bá ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ìtọ́jú rẹ̀ ti parí. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ìgbà tí ó bá padà sílé gan-an ni iṣẹ́ àwùjọ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe àyẹ̀wò àwọn orúkọ tí Yorùbá fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó wo àpẹẹrẹ ìtọ́jú láàrin ará abúlé ní Aro, Abẹ́òkúta, ó sì ṣe àlàyé ohun tí ẹbí, ẹgbẹ́ àti olùkọ́ lè ṣe. Èrò rẹ̀ ni pé orí orúkọ tí a ń pe ènìyàn ni ìgbẹnusọ tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìfáàrà

Ìwádìí ọdún 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jọ lọ́wọ́ sí fi hàn pé ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ni ó lo oògùn olóró, tàbí tí ó ṣi oògùn lò, láàrin ọdún kan. Iye wọn tó mílíọ̀nù 14.3, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ìhà Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí jù, ni ó ga jù lọ, pẹ̀lú ìdá 22.4.

Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí jù nínú ìwádìí náà ni ọ̀rọ̀ ìdènà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ lára ni ó sọ pé àwọn fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn kò tẹ̀ ẹ́. Owó wà lára ohun tí ó fà á, àìsí ibi ìtọ́jú nítòsí wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú àti ẹ̀gàn àwùjọ. Ní ọdún 2018 kan náà, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kodíìnì àti kíkó o wọlé. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dín ohun tí ó wà lọ́jà kù, ṣùgbọ́n kò lè gba ọmọ tí ó ń padà bọ̀ wálé mọ́ra. Àwùjọ ni ó ni iṣẹ́ yẹn.

Ohun tí Bárakú Jẹ́

Ohun tí ó bá ti di bárakú fún ènìyàn ti kọjá ohun tí ó kàn wù ú. Ó mọ̀ pé ó ń ba ayé òun jẹ́, síbẹ̀ kò rọrùn fún un láti fi í sílẹ̀, nítorí pé oògùn náà ti yí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ka ìṣòro yìí mọ́ ara àìsàn nínú àtòjọ àrùn rẹ̀, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022.

Bíi ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè rọlẹ̀, kí ó sì tún padà. Ẹnikẹ́ni kì í lé bàbá rẹ̀ jáde nílé nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ru. Oògùn ni wọ́n ń tún fún un. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì padà sí ìdí oògùn olóró nílò irú ojú àánú bẹ́ẹ̀, nítorí ewu tí ó wà níbẹ̀ pọ̀. Ara ẹni tí ó ti jáwọ́ nínú tramadol tàbí irú rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kì í lè gba ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá tún lo ìwọ̀n náà, mímí rẹ̀ lè dúró. Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára púpọ̀ náà kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì láìrí dókítà, nítorí ìwárìrì àti gìrì tí ó lè tẹ̀ lé e le débi tí ó fi lè pa ènìyàn.

Orúkọ Ń Ro Ọmọ

Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ọmọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè wo ìhun àwọn orúkọ tí àwùjọ ń lò níbí. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-* kún àpólà-ìṣe *mu igbó*, ó di *amugbó*. A fi *ọ̀-* kún *mu ọtí*, ó di *ọ̀mùtí*. Nínú ìṣẹ̀dá yìí, ohun tí ènìyàn ṣe ti di ẹni tí ó jẹ́. Bí ó tilẹ̀ jáwọ́ fún ọdún mẹ́wàá, orúkọ náà kò ní àsìkò tàbí ibá-ìṣe nínú tí yóò fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn. Nínú *ẹni tí ọtí di bárakú fún*, awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn rẹ̀. Nínú *ó ń bọ̀ sípò*, atọ́ka ibá-ìṣe àìṣetán *ń* jẹ́wọ́ pé ìrìn náà kò tíì parí, síbẹ̀ ó ń lọ síwájú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọmọ tí wọ́n bá ń pè ní *amugbó* ní gbogbo ìgbà lè padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò kà á sí àbùkù fún un, ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ ń mu ún tẹ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ Aro

Ìgbàmọ́ra kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, Abẹ́òkúta. Dípò kí wọ́n ti àwọn aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri, wọ́n fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ẹbí kan máa ń bá aláìsàn wá láti máa se oúnjẹ fún un àti láti máa tọ́jú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aláìsàn a lọ gba ìtọ́jú. Bí ó bá ṣe, a padà sáàrin ènìyàn. Lámbò tún fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Òótọ́ ni pé àìsàn ọpọlọ lápapọ̀ ni ètò náà wà fún, kì í ṣe bárakú oògùn nìkan. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu síbẹ̀: oníṣègùn kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwùjọ, àwùjọ náà kò sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún oníṣègùn. Òdìkejì rẹ̀ ni ohun tí ó hàn ní Ìbàdàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200 sílẹ̀ ní ibì kan tí wọ́n há wọn mọ́. Ẹ̀wọ̀n kì í wo bárakú sàn.

Ẹgbẹ́ Àwọn Onírìírí

Ní ọdún 1935, àwọn ọkùnrin méjì tí ọtí ti di bárakú fún, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀ ní ìlú Akron, ní Amẹ́ríkà. Ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà ni pé ẹni tí ó ti la ìṣòro náà kọjá ni ó mọ bí yóò ṣe ran ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àti pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá, tí ó mọ ẹgbẹ́, tí ó sì mọ àṣírí bíbò. Kí àwùjọ ṣáà má fi àṣírí bíbò ṣe bojúbojú. Ẹbí tí ó bo àìsàn ọmọ mọ́lẹ̀ títí ó fi bọ́ ń daábò bo orúkọ ilé. Ẹbí tí ó gbé e lọ fún ìtọ́jú tí kò sì rò ó káàkiri ni ó daábò bo ọmọ.

Iṣẹ́ Olùkọ́ àti ti Àwùjọ

(i) Kí olùkọ́ má fi ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ìtọ́jú ṣe ìwàásù ní ìpàdé òwúrọ̀, bó ti wù kí èrò rẹ̀ dára tó.

(ii) Kí ilé-ẹ̀kọ́ gbà á padà pẹ̀lú ètò: olùkọ́ kan tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, àyè láti lọ rí dókítà, àti àfikún ẹ̀kọ́ lórí ohun tí ó ti pàdánù.

(iii) Kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́, ìjọ àti mọ́sálásí fún un ní iṣẹ́ tàbí ipò tí yóò máa gbé e jáde nílé. Ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́.

(iv) Kí àwọn aṣíwájú àdúgbò gbẹnu sọ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kí ìtọ́jú lè súnmọ́ ilé, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023, fún wọn ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè fi dúró.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ilé ìwòsàn lè yọ oògùn kúrò lára, ṣùgbọ́n àwùjọ ni yóò pinnu bóyá ẹni náà yóò rí ibi dúró sí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ kíláàsì rẹ̀ láti sọ pé *ó ń bọ̀ sípò* dípò *amugbó* ti ṣe ìgbẹnusọ. Ìyókù iṣẹ́ náà ni kí gbogbo àdúgbò máa hùwà gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn náà ti wí. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.