Òpó Ilé ní Ìlá Ọ̀ràngún

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ rí láyé àtijọ́ láàrin àwọn Ìgbómìnà Ìlá Ọ̀ràngún ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé a bẹ ọ̀wẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀dọ́ a wa yẹpẹ pupa, wọn a bu omi sí i, wọn a sì fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi kúnná. Ìpele kan gbọdọ̀ gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Àna pàápàá kì í gbẹ́yìn: ọkọ ọmọ a kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn wá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni onílé fi ń dúpẹ́.

Yàrá ni ó yí àgbàlá ká nínú agbo ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni baálé ti ń parí ìjà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń gbọ́ oríkì orílẹ̀ wọn. Òpó ni ó gbé òrùlé rẹ̀ ró. Ní ààfin àti ní ilé àwọn ìjòyè, ọlọ́nà a gbẹ́ òpó náà ní àwòrán: jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí obìnrin tí ó pọn ọmọ.

Ta ni kò mọ ìdílé Fákẹ́yẹ nínú iṣẹ́ yìí? Ọmọ Ìlá ni Olóògbé Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ. Ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ mú àáké àti ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ Bámidélé, ọmọ Àreògún, ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll kó àwọn ọlọ́nà jọ sí. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní ọdún 2006, àjọ UNESCO bu ọlá fún un. Ó sì papò dà ní oṣù Kejìlá, ọdún 2009.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ìwé kò lè kọ́ni tán. Ẹsẹ̀ ọ̀gá ni a ti ń kọ́ ọ.

Lóde òní, búlọ́ọ̀kù àti páànù ti gba ipò amọ̀ àti koríko. A kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí iná kì í tètè ran páànù bí ó ti ń ran bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àgbàlá, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni yóò gbéṣẹ́ òpó fún ọlọ́nà? Bí ọlọ́nà kò bá sì ríṣẹ́ ṣe, ọmọ wo ni yóò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ó yẹ kí àwọn ọmọ Ìgbómìnà tí Ọlọ́run bùkún, tí wọ́n ń kọ́lé sílé, ronú sí i. Ilé búlọ́ọ̀kù náà lè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó gbígbẹ́ sì lè dúró lórí sìmẹ́ńtì. Ẹni tí kò gbéṣẹ́ fún ọlọ́nà kò gbọdọ̀ bínú bí ọ̀nà bá parẹ́.