Ata Títa àti Ìfaradà Rẹ̀: Oúnjẹ Ìjẹ̀bú Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Orílẹ̀-Èdè Mìíràn

1. Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: 'Ẹ̀mí tí kò jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni.' Òwe yìí gbé jíjẹ ata ka orí agbára ẹ̀mí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, a jẹ́ pé aláìlágbára ni àwọn ará Pólàǹdì, tí ata kò pọ̀ nínú oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn, alágbára sì ni àwọn ará Mẹ́síkò àti Tàílàńdì. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ìfaradà ata kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀yà, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò tí ọmọ bá lénu.

2. Ohun tí ata ń ṣe lẹ́nu
Èdè Yorùbá kò ka ata mọ́ ìtọ́wò lásán. Oyin a máa dùn, ewúro a máa korò, ọsàn wẹ́wẹ́ a máa kan. Ṣùgbọ́n ata a máa ta ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí àkeekèé ti ń ta. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ìyàtọ̀ yìí lẹ́yìn. Capsaicin, èròjà inú ata, kì í ṣiṣẹ́ lára ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Iṣan tí ń gbé ìrora àti ooru dé ọpọlọ ni ó ń bá ṣe. Ní 1997, David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ẹnu-ọ̀nà tí ó ń gbà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TRPV1. Julius wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ẹnu-ọ̀nà kan náà ni ó ń ṣí bí ooru bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 43 Celsius. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní ata 'gbóná' àti Yorùbá tí ó ní ó 'ta' ni wọ́n jọ sọ òótọ́. Bí títa náà bá ń wáyé léraléra, ìfura iṣan náà a máa dínkù.

3. Ìtàn àti ojú ọjọ́
Atare àti iyèré ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́. Ata tí a ń lọ̀ sọ́bẹ̀ ní tirẹ̀, láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Lẹ́yìn ìrìn-àjò Columbus ní 1492 ni àwọn oníṣòwò Potogí gbé e dé Áfíríkà àti Éṣíà. Íńdíà àti Tàílàńdì pàápàá kò mọ̀ ọ́n ṣáájú ìgbà náà.

Ní 1998, Billing àti Sherman dá a lábàá pé ooru ilẹ̀, tí ń tètè ba oúnjẹ jẹ́, ni ó fa ọ̀pọ̀ èròjà amọ́bẹ̀-ta-sánsán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bromham àti àwọn mìíràn yẹ ìlànà ìdáná tí ó lé ní 33,000 wò ní 2021, wọn kò rí ẹ̀rí tí ó ti àbá náà lẹ́yìn.

4. Ẹ̀rí láti Ìjẹ̀bú
Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìkọ́kọrẹ́ jẹ́ oúnjẹ pàtàkì. Ìkòkò kan náà ni ewùrà rírin, epo pupa, ẹja àti ata ti ń jinná pọ̀. Ẹni tí ń jẹ iyán lè fi òkèlè kan ọbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ kò lè yọ ata kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń jẹ nínú àwo àgbà yóò bá ata pàdé ní kékeré. Rozin àti Schiller, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Mẹ́síkò, kọ ọ́ ní 1980 pé díẹ̀díẹ̀ ni ata ń mọ́ ọmọdé lára níbẹ̀, láìsí ipá, bí wọ́n ti ń rí àgbà tí ń jẹ ẹ́.

Èyí ni ó fà á tí ọmọ Ìjẹ̀bú tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí oúnjẹ ilé-ìwé sì ti mọ́ lẹ́nu, fi lè sunkún nídìí ìkọ́kọrẹ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń lá mọ́wọ́ nílé. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ìkòkò ni kò pọ̀ mọ́ra.

5. Ìkádìí
Òwe náà wúlò láti ki Yorùbá láyà. Kò tọ́ láti fi díwọ̀n àlejò tàbí ọmọ tí ó ti òkè òkun dé. Ìyálé tí ó bá bu tiwọn sọ́tọ̀ kí ata tó kún ìkòkò kò ba oúnjẹ Ìjẹ̀bú jẹ́. Ọ̀nà tí ọmọ ilé fi mọ ata jẹ náà ni ó ń la fún wọn.