Anthony Joshua, ọmọ Ṣágámù: ṣé bẹ́líìtì ṣì lè padà sọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ Rẹ́mọ tó wà l'Ékòó ń bi mí ṣáá látìgbà tí ọdún 2026 ti wọlé: ṣé AJ ṣì lè gba bẹ́líìtì àgbáyé? Èsì mi ni pé ó ṣeé ṣe, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ ti há gan-an. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló fà á. Àṣìṣe kan wà tí kò tíì yé e ṣe láti ọdún 2019.

Olúwafẹ́mi Ọláṣẹ́ní ni orúkọ rẹ̀. Watford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1989, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni ẹbí rẹ̀ ti wá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 11, wọ́n mú un wá sí ilé ẹ̀kọ́ Mayflower n'Íkẹ́nnẹ́, èyí tí Táí Ṣólàrín dá sílẹ̀ lọ́dún 1956. Kò ju bí oṣù mẹ́fà lọ tó lò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé bọ́dìn níbẹ̀ mọ̀ pé oṣù mẹ́fà Mayflower kì í ṣe eré: jíjí ní ìdájí, omi pípọn, iṣẹ́ oko.

Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ó ti tó ọmọ ọdún 18 kí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ní Finchley, ní Lọ́ńdọ̀nù. (Ó fẹ́ ṣojú Nàìjíríà ní Olympics 2008, wọn ò mú un. Ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.) Ní 2012, ó gba góòlù Olympics fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti Cammarelle ọmọ Ítálì jọ gba máàkì 18 sí 18 ni, wọ́n ní láti tún máàkì kà kí wọ́n tó fún un. Lóṣù kẹrin 2016 ló gba bẹ́líìtì IBF lọ́wọ́ Charles Martin ní ráùndì kejì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó jẹ́, ẹ lọ wo ìjà òun àti Wladimir Klitschko ní Wembley, April 29, 2017, níwájú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 èèyàn. Ó gbé Klitschko ṣubú ní ráùndì 5. Ní ráùndì 6, òun náà kanlẹ̀ gbì! Ó dìde, ó fara dà á, nígbà tó di ráùndì 11, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan ti ìsàlẹ̀ wá gba àgbọ̀n Klitschko. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́fà, ọwọ́ ẹ̀ sì gùn. Ọwọ́ òsì ló fi ń wá ààyè, ọ̀tún ló fi ń ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá dúró gbagidi síwájú rẹ̀ ti wọ gàù. Ṣùgbọ́n tí òórùn ìṣẹ́gun bá ti ta sí i nímú báyìí, á sáré wọlé, á sì gbàgbé àgbọ̀n ara ẹ̀ síta.

Bí Andy Ruiz ṣe mú un nìyẹn ní New York, June 2019. Joshua ló kọ́kọ́ gbé e ṣubú ní ráùndì 3. Ó sáré lọ parí ẹ̀, Ruiz bá kàn án padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣubú kí rẹfirí tó dá ìjà dúró ní ráùndì 7. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Saudi Arabia lóṣù kejìlá ọdún yẹn, ó jìnnà sí i, ó ń fi ọwọ́ òsì gún un fún ráùndì 12, ó sì borí. Àwọn kan ní ó ń sá. Lójú tèmi, ìjà tó fi ọgbọ́n jà jù lọ nìyẹn.

Oleksandr Usyk nà án ní 2021 àti 2022. Alọ́wọ́-òsì ni Usyk, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í dúró sójú kan, n ò bínú sí Joshua nítorí ìyẹn. Èyí tó dùn mí ni ti Daniel Dubois ní September 2024. Joshua ti ṣubú láti ráùndì àkọ́kọ́, síbẹ̀ ní ráùndì 5, ọ̀tún rẹ̀ bà, Dubois ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó tún sáré wọlé. Ọ̀tún Dubois pàdé ẹ̀, ó tán. Ti Ruiz náà ló tún padà wá!

Jake Paul tó gbé ṣubú ní Miami, ní ráùndì 6, lóṣù kejìlá 2025 ńkọ́? Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Ọmọ YouTube tó kéré sí i lára nìyẹn, kò fi nǹkan kan hàn wá.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ni jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní Mákun, Ṣágámù, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú. Ọ̀kan nínú wọn ló ń bójú tó bí ara rẹ̀ ṣe ń le fún ìjà. Ẹni tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ò lè fi dandan lé e pé kó padà wá jà, ó sì ti pé ọdún 36.

Tó bá padà, Usyk kọ́ ni ọ̀nà ẹ̀. Fabio Wardley tó wà nídìí bẹ́líìtì WBO nígbà tí ọdún 2026 wọlé ló bá ìjà rẹ̀ mu, torí pé iwájú èèyàn ló máa ń dúró sí, tí á máa ju ẹ̀ṣẹ́. Ìjà òun àti Tyson Fury máa pa owó rẹpẹtẹ, àmọ́ kò sí bẹ́líìtì kankan lọ́wọ́ Fury. Bó bá jẹ́ èmi ni, Wardley ni màá kọ́kọ́ wá lọ, màá sì mú kó tún fi fídíò ìjà Saudi yẹn wo ara ẹ̀, gbogbo ráùndì 12.