Ìwé tí Kipchoge ń kọ: àṣírí tó wà lẹ́yìn eré sísá

Bí wọ́n bá dárúkọ Eliud Kipchoge, ẹsẹ̀ ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọmọ Kẹ́ńyà yìí ló fi wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 sá kìlómítà 42 nínú eré àkànṣe tí wọ́n ṣètò fún un ní Vienna lọ́dún 2019. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ o! Láti ọdún 2003 ló ti ń kọ ìdánrawò ẹ̀ sínú ìwé.

Kí wá ni ìwé fẹ́ ṣe fẹ́ni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà? Ó pọ̀. Ẹlòmíì tó fẹ́ sá Lagos City Marathon, eré tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń rántí. Á sáré àsápajúdé lọ́jọ́ kan, orúnkún á wú, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ mọ iye tóun sá lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀díẹ̀ lá máa fi kún un. Ọjọ́ ìsinmi á sì wà níbẹ̀, torí ìgbà ìsinmi lara ń tún ara ẹ̀ ṣe. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, ìwé yẹn lá jẹ́ kó rí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sọ fún dókítà.

Kò gba owó ńlá. Ìwé ọmọ iléèwé àti báírò ti tó. Lálẹ́ Sunday, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá sáré dé, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an, àti bára ṣe rí. Ẹ má sì purọ́ síbẹ̀ o, ẹsẹ̀ ara yín lẹ ń purọ́ fún.