Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Oníná Tí Yóò Fa Ọmọlanke ní Berlin àti Hamburg

Ní àdúgbò púpọ̀ ní Berlin àti Hamburg, ẹ ó rí ìyá tàbí bàbá tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí àpótí aláṣọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì so mọ́ ọn lẹ́yìn, tí ọmọ sì jókòó sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi tirẹ̀ kó ìrẹsì, omi àti iṣu bọ̀ láti ọjà. Tó bá wu ẹ̀yin náà láti ṣe bẹ́ẹ̀, àpilẹ̀kọ yìí wà fún yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé yín: ẹ mọ ẹrù yín kí ẹ tó yan kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo eré sísá tàbí owó lè ra kẹ̀kẹ́ tán kó tó mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi í fa ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ wọn

Ní Èkó lóde òní, tí ẹ bá ní "kẹ̀kẹ́", ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń pè ní Márúwá ni ọ̀pọ̀ èèyàn á rò. Nítorí náà, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Èyí tó ní bátìrì àti ẹ̀rọ kékeré ni mo pè ní kẹ̀kẹ́ oníná. Ohun tí ó ń fà ńkọ́? Ẹ má pè é ní tírélà o! Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé kọ̀nténà ni tírélà. Ọmọlanke tí wọ́n fi ń ti ẹrù kiri ọjà ló sún mọ́ ọn jù, òun ni mo sì lò níbí.

Kí ni òfin sọ?

Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì ní Jámánì. Àkọ́kọ́ ni Pedelec. Agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju wáàtì 250 lọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń ràn yín lọ́wọ́, tí eré bá sì ti dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ á dákẹ́. Lójú òfin, kẹ̀kẹ́ ológeere lásán ni: kò gba láísẹ́ǹsì, kò gba nọ́ńbà.

Èkejì ni S-Pedelec, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí dé kìlómítà 45. Ìyẹn ti di alùpùpù kékeré lójú òfin. Ó gba láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà ìnṣúránsì àti akoto. Èyí tó wá kan ọ̀rọ̀ wa jù ni pé ẹ kò gbọdọ̀ fi í fa ọmọlanke tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹyin tí ẹ ní ọmọ, Pedelec ni tiyín. Kódà pẹ̀lú Pedelec, ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16, ọmọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 7, wọn kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ.

Àwọn kan máa ń tún ẹ̀rọ Pedelec ṣe kó lè sáré ju 25 lọ. Ẹ má dán an wò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́. Ọkọ̀ tí kò ní ìnṣúránsì ni ẹ ń wà kiri ìgboro, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì nìyẹn. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa sanwó?

Ẹ ṣírò ẹrù yín

Ní 1999, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà ní Jámánì gbé ìwé ìmọ̀ràn kan jáde. Ó ní kí ọmọlanke tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ má ju kílò 40 lọ, àtòun àtẹrù rẹ̀. Èyí tó ní bíréèkì lè dé 80. Ó yá, ẹ bá mi ṣírò. Ká ní ọmọlanke jẹ́ kílò 12, ọmọ kan jẹ́ 15, àpò jẹ́ 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32, kò burú. Tí ọmọ kejì tó jẹ́ kílò 18 bá wọlé ńkọ́? Ó di 50. Ìmọ̀ràn ni ìwé yẹn, kì í ṣe òfin, iye tí oníléeṣẹ́ kọ sì lè yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ka ìwé méjì: ti kẹ̀kẹ́ àti ti ọmọlanke. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan wà tí ìwé wọn sọ pé ẹ má so nǹkan kan mọ́ wọn rárá. Iye tó kéré jù nínú ìwé méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀rọ, ìkọ́ àti bíréèkì

Ẹ̀rọ lè wà láàárín kẹ̀kẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí i, tàbí kó wà nínú táyà. Ti àárín ń gba inú ṣéènì àti jíà ṣiṣẹ́, nítorí náà ó dára fún gígun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ti inú táyà kì í sábà wọ́n tó ti àárín, ó sì tó fún ibi tó tẹ́jú. Àmọ́ tó bá wà nínú táyà ẹ̀yìn, ẹ ṣọ́ra: àárín táyà yẹn gan-an ni ìkọ́ ọmọlanke sábà máa ń wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ìkọ́ náà bá a mu.

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọmọlanke á máa ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Ẹ tètè máa tẹ̀ ẹ́, pàápàá nígbà òjò. Ẹrù tó wúwo jù, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó sún síwájú táyà ọmọlanke díẹ̀. Tó bá wà lẹ́yìn pátápátá, ọmọlanke á máa gbé kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, á sì máa jì í. Láti 2018, ọmọlanke tuntun tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ gbọ́dọ̀ ní iná pupa lẹ́yìn, lápá òsì.

Bátìrì: báwo ló ṣe máa jìnnà tó?

Ẹ fi fóòtì sọ iye ámípì-wákàtí di púpọ̀: 36 lọ́nà 14 jẹ́ wáàtì-wákàtí 504. Tí kẹ̀kẹ́ bá ń jẹ 10 lórí kìlómítà kan, ẹ ó rin nǹkan bíi kìlómítà 50. Tí ẹrù àti afẹ́fẹ́ bá sọ ọ́ di 15, kò ní ju 33 lọ. Òtútù náà ń dín agbára bátìrì kù, torí náà ẹ gbé e wọlé lálẹ́ nígbà ọ̀gìnnìtìn.

Ìlú méjèèjì kò rí bákan náà

Berlin tẹ́jú, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n tò sójú títì àtijọ́ ń ju ọmọlanke sókè sódò. Táyà tó fẹ̀ ló dára níbẹ̀. Hamburg náà tẹ́jú níbi púpọ̀, àmọ́ ẹ dé Blankenese létí odò Elbe kí ẹ rí òkè! Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nílò ẹ̀rọ tó lágbára àti bíréèkì tó dáńtọ́ ju ẹni tó ń gbé Neukölln lọ.

Ẹ má kánjú rà. Ní Berlin, fLotte tí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ADFC bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́ akẹ́rù lọ́fẹ̀ẹ́. Tempelhofer Feld, pápákọ̀ òfurufú tó ti pa ní 2008 tó sì di gbàgede ìgbafẹ́ ní 2010, tẹ́jú, kò sì sí mọ́tò níbẹ̀. Ẹ kó àpò ìrẹsì tó wúwo tó ọmọ yín sínú ọmọlanke, kí ẹ fi dánra wò: ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ yà sósì, ẹ tẹ bíréèkì lójijì. Ìgbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn ni kí ẹ tó gbé ọmọ sí i.