Ìdí tí Máńgòrò fi ń So Lọ́dún Kan tí ó sì ń Sinmi Lọ́dún Kejì

Bí igi máńgòrò yín bá so wọ̀ǹtì-wọnti lọ́dún kan, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ so lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe rò pé ayé ni ó ń bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá ti fi ìkórè èṣí yá owó, tàbí tí ó ti ṣèlérí iye apẹ̀rẹ̀ fún oníbàárà, lè ti ipa bẹ́ẹ̀ jẹ gbèsè.

Ṣóńṣó ẹ̀ka ni máńgòrò ti ń tanná. Ẹ̀ka tí ó bá gbé èso ní láti kọ́kọ́ rú ewé tuntun, kí ewé náà sì gbó, kí ó tó lè tanná dáadáa. Oúnjẹ tí ewé ń fi oòrùn sè ni èso púpọ̀ ń jẹ, nítorí náà ni ewé tuntun fi ń pẹ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá bá a nígbà tí kò tíì gbó, òdòdó yóò kéré.

Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀ràn yìí kọ́ kọ̀ǹpútà. Ní erékùṣù Réunion, nínú Òkun Íńdíà, wọ́n ka ẹ̀ka máńgòrò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó so, èyí tí kò so, àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rúwé. Láti inú rẹ̀ ni ètò ìṣirò tí a ń pè ní V-Mango ti jáde ní 2020. Igi tí kò sí nínú oko kankan ni kọ̀ǹpútà ń gbìn. Fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ó ń ṣẹ́ gègé: yóò ha rúwé, yóò ha tanná, tàbí yóò wà bẹ́ẹ̀? Gègé náà kì í ṣe tẹ́tẹ́ lásán. Ohun tí a kà lára igi tòótọ́ ni ó ń darí rẹ̀.

Igi Réunion kì í ṣe igi Ọ̀tà. Ní ọ̀dọ̀ wa, òjò ń dá díẹ̀ ní àárín ọdún kí ó tó padà. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá sọ èyí fún yóò purọ́ fún wa láìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìyànà Ìyẹsí, níbi tí ilé àti ilé-iṣẹ́ ti ń gba ilẹ̀ oko, ẹ ka igi tí ó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ so àkísà pupa mọ́ ẹ̀ka mẹ́wàá tí ó so, kí ẹ sì so funfun mọ́ mẹ́wàá tí kò so. Ẹ kọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rúwé àti oṣù tí ó tanná. Bí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka, ẹ tètè gé e lẹ́yìn ìkórè, kí ewé tuntun lè gbó kí ọyẹ́ tó dé.

Kí akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ náà sí etí ìpàdé kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí owó-yíyá.