Ìkòtún lẹ́yìn T.B. Joshua: kí ló ń fún wòlíì lágbára, ta ló sì ń bi í léèrè?

Bí dánfó bá kúrò ní ráńdábáòtù Ìkòtún tó dorí kọ ọ̀nà Ẹgbẹ́, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kì í dárúkọ òpópónà. "Sínágọ́gù" ló máa ń pariwo, gbogbo èrò sì mọ ibi tó ń wí. Synagogue Church of All Nations, ìjọ tí Temitope Balogun Joshua dá sílẹ̀, ti di orúkọ ibùdókọ̀. Òun náà ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Zimbabwe, Colombia àti Gúúsù Áfíríkà mọ̀ pé ibì kan wà láyé tó ń jẹ́ Ìkòtún. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 ni Joshua kú, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé ẹni ọdún 58. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ti ń le sí i. Àwọn kan ń pè é ní ènìyàn Ọlọ́run tí ayé kò mọyì, àwọn mìíràn ń pè é ní ẹlẹ́tàn. Ohun tí àwa fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ọ̀nà wo ni ẹnì kan gbà kó irú agbára bẹ́ẹ̀ jọ láti Alímòṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún wà nínú rẹ̀ ní Èkó, kí ló sì dé tí kò fi sí ẹni tó lè bi í ní ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ dáhùn?

Arigidi Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà 1963. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé oṣù 15 lòun lò nínú ìyá òun, àti pé lẹ́yìn ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lórí òkè àdúrà ní 1987 ni ìpè iṣẹ́ náà dé. Ní Agodo, lágbègbè Ẹgbẹ́, ló ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ìjọ tí kò pé ènìyàn mẹ́wàá. Irú ìtàn báyìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní 1930, ogunlọ́gọ̀ dà sí Òkè Oòyè ní Iléṣà nítorí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wọ́n gbé aláìsàn wá, wọ́n gba omi tó gbàdúrà sí lọ sílé. Ìjọba amúnisìn bẹ̀rù rẹ̀ débi pé wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1932. Omi, ààwẹ̀, òkè àdúrà àti ìran rírí, gbogbo rẹ̀ ni T.B. Joshua bá nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò bá nílẹ̀, tàbí tí kò mú. Babalọlá tí gbogbo ayé ń tọ̀ lẹ́yìn kọ́ ni olórí ìjọ rẹ̀. Ajíhìnrere àgbà ni. Ààrẹ Christ Apostolic Church nígbà náà ni Isaac Akínyẹlé, ẹni tó tún jẹ Olúbàdàn ní 1955. Nígbà tí Babalọlá kú ní 1959, ìjọ náà ní ìgbìmọ̀, ó ní ilé ẹ̀kọ́, ó ní ẹni tó lè sọ fún wòlíì pé kó dúró ná. Ní Ìkòtún, wòlíì ni olùdásílẹ̀, òun ni alákòóso, òun sì ni gbogbo ojú ń wò. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà, CAN, àti ti àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì, PFN, kò gbà á mọ́ra rí. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà pásítọ̀ ta kò ó ní gbangba. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ rí ìyẹn bí inúnibíni, ó sì mú kí ìfẹ́ wọn túbọ̀ gbóná. Ohun tí wọn kò kà sí ni pé kò sí ẹgbẹ́ kankan lóde tó lè pè é kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Kámẹ́rà ló wá sọ ìjọ àdúgbò di ti gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹrin 2004, àjọ NBC tó ń bójú tó rédíò àti amóhùnmáwòrán fi òfin de ṣíṣàfihàn iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí. Òfin náà bá ọ̀pọ̀ ìjọ, ó sì bá Sínágọ́gù gan-an. Lọ́dún 2006, Joshua dá Emmanuel TV tirẹ̀ sílẹ̀ lórí sátẹ́láìtì. Báyìí ni òfin tí wọ́n ṣe láti pa iná iṣẹ́ ìyanu lórí amóhùnmáwòrán wa ṣe sún un lọ síbi tí NBC kò ti lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó jókòó nílé rẹ̀ ní Harare tàbí ní Lima lè rí obìnrin kan tó fi ọ̀pá rìn wọlé, kó rí i tó ju ọ̀pá náà nù, kó gbọ́ ẹ̀rí láti ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní kí òǹwòran fọwọ́ kan gíláàsì tẹlifíṣàn kó lè gba tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ju ìyẹn lọ á wá ìwé ìrìnnà.

Àwọn tó ń wá náà kì í ṣe òmùgọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ létí mi. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímòṣọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù níbẹ̀ ni ti Ìgàndò, ẹni tó bá sì ti to lórí ìlà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí dókítà sọ fún pé iṣẹ́ abẹ yóò gba owó tí kò lè rí láéláé, tí ó wá gbọ́ pé àdúrà wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní òdìkejì ọ̀nà, kò sí ohun tó yani lẹ́nu bó bá lọ. Ìjọ náà tún ń fúnni ní ìrẹsì, ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ aláìní, ó sì rán àwọn elétò ìlera lọ sí Haiti lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2010. Àwọn tó jẹ àǹfààní wọ̀nyí kì í purọ́ tí wọ́n bá yìn ín.

Àdúgbò náà sì jẹun lára rẹ̀. Àwọn onílé tó ní yàrá méjì tó ṣófo sọ ọ́ di ilé àlejò. Òtẹ́ẹ̀lì hù káàkiri Ìkòtún àti Ẹgbẹ́, àwọn tó ń ṣẹ́ owó dúró lẹ́bàá títì, olóúnjẹ kọ́ bí a ti ń se ohun tí òyìnbó lè jẹ. Mùsùlùmí wà nínú wọn, oníṣòwò tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà rí wà nínú wọn. Ẹni tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ àlejò wòlíì jáde, báwo ni yóò ṣe dìde ní gbangba pé ilé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ti ga jù? Ìdákẹ́jẹ́ àdúgbò pẹ̀lú jẹ́ ara agbára náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olóṣèlú dé. John Atta Mills di ààrẹ Ghana ní oṣù Kìíní 2009, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lórí oyè tó fi wá dúpẹ́ ní Ìkòtún, ó ní Joshua ti sọ fún òun pé òun yóò wọlé. Morgan Tsvangirai wá láti Zimbabwe, Winnie Mandela náà wá. Ìjọba Yar'Adua fi oyè OFR dá a lọ́lá ní 2008. Nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ pé obìnrin ni yóò borí nínú ìdìbò Amẹ́ríkà ní 2016 kò ṣẹ, wọ́n yọ àsọtẹ́lẹ̀ náà kúrò lórí Facebook, àlejò kò sì dín. Ẹni tó bá ti ní irú ọ̀rẹ́ wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ kékeré wo ní ọ́fíìsì ètò ìlú ni yóò lọ fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ara ògiri rẹ̀?

Ọjọ́ Jímọ̀, 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ni ilé àlejò alájà mẹ́fà tó wà nínú ọgbà ìjọ náà wó. Ó pa ènìyàn 116. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wá láti Gúúsù Áfíríkà. Oṣù méjì ni àwọn ẹbí dúró kí òkú àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé, ìyókù sì di ọdún tó tẹ̀lé e. Joshua ní ọkọ̀ òfurufú àjèjì kan ló fò kọjá lórí ilé náà kó tó wó, pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Oyetade Komolafe. Wọ́n pe Joshua láti wá jẹ́rìí, kò yọjú. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gba ilé ẹjọ́ mìíràn lọ láti sọ pé adájọ́ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní oṣù Keje 2015, Komolafe gbé àbájáde rẹ̀ jáde: kò sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ìpìlẹ̀ àti òpó ilé náà kò tó gbé ẹrù tí wọ́n dì lé e. Ó ní kí wọ́n pe ìjọ náà àti àwọn tó kọ́ ilé náà lẹ́jọ́. Ní 2016 wọ́n gbé àwọn alámòójútó ìjọ náà àti àwọn ẹnjiníà wọn dé ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà. Ọdún ń yí lu ọdún, Joshua sì kú láìjẹ́ pé ó dúró níwájú adájọ́ kankan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ilé ń wó káàkiri Èkó, kí ló wá jẹ́ ti ìjọ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé ilé ń wó. Ṣùgbọ́n onílé tí ilé rẹ̀ pa ènìyàn mẹ́ta ní Èkó máa ń sá lọ fara pamọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ilé tó pa 116 yìí wó, ìsìn ń lọ ní Sínágọ́gù, kámẹ́rà ń yí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè gba ọ̀nà mìíràn, kó yẹ Filipíìnì wò, níbi tí olórí ẹ̀sìn ti ń darí ìṣèlú bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kejì 1986, Jaime Sin, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Manila, sọ̀rọ̀ lórí Radio Veritas pé kí àwọn ènìyàn jáde sí títì EDSA láti dáàbò bo àwọn ológun tó kọ̀yìn sí Ferdinand Marcos. Wọ́n jáde bí eéṣú, nígbà tó sì máa fi di ọjọ́ kẹrin, Marcos ti sá lọ. Agbára ńlá nìyẹn, síbẹ̀ agbára àyálò ni. Róòmù ló fi Sin jẹ, Róòmù lè gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ Iglesia ni Cristo tí Felix Manalo dá sílẹ̀ ní 1914 gba ọ̀nà ẹbí: ọmọ rẹ̀ Eraño ló gbà á nígbà tó kú ní 1963, ọmọ ọmọ rẹ̀ Eduardo ló wà níbẹ̀ láti 2009. Ẹni tí olórí bá dárúkọ ni àwọn ọmọ ìjọ ń dìbò fún, nítorí náà kò sí olùdíje tí kì í wá kí wọn.

Ẹni tó jọ Ìkòtún jù ni Apollo Quiboloy ti ìlú Davao. Ó dá ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1985, ó ń pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Ọlọ́run tí a yàn, ó ní amóhùnmáwòrán tirẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Rodrigo Duterte tó ṣe ààrẹ láti 2016 sí 2022. Ní 2021, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án ní Amẹ́ríkà pé ó ń fi tipátipá lo àwọn ọmọbìnrin. Ó ní irọ́ ni. Nígbà tí Duterte kúrò lórí oyè, ààbò náà ṣí. Ọlọ́pàá dó ti ọgbà ìjọ rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, wọ́n sì mú un ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Mi ò sọ pé Filipíìnì dára jù wá lọ. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé apá òfin ká wòlíì kan nígbà tó ṣì wà láàyè tó lè dáhùn.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2021, YouTube ti ìkànnì Emmanuel TV tó ní olùtẹ̀lé bíi mílíọ̀nù 1.8, nítorí fídíò tí wọ́n ti ń na àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Amẹ́ríkà ló ṣe ohun tí ìjọba wa kò ṣe. Ní oṣù Kìíní 2024, BBC àti openDemocracy gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Joshua tẹ́lẹ̀, tó ju 25 lọ, láti Bìrìtéènì, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Ghana, Namibia, Amẹ́ríkà àti Jámánì, ti sọ̀rọ̀ nípa ìfipábánilòpọ̀, ìlùnilálùbolẹ̀ àti iṣẹ́ ìyanu tí wọ́n ní àgbélẹ̀rọ ni. Ìjọ náà sẹ́. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti wà nínú ibojì nínú ọgbà ìjọ náà láti oṣù Keje 2021, kò sì lè sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn obìnrin náà kò sì lè rí i níwájú adájọ́ mọ́. Èyí ni ìwà ìkà tó wà nínú kí òfin máa pẹ́: ìhà méjèèjì ló ń pa lára.

Ní 2020, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ilé iṣẹ́ tuntun, CAMA, tó fún àjọ tó ń forúkọ ìjọ sílẹ̀ lágbára láti dá àwọn alámòójútó dúró bí wọ́n bá ṣi owó tàbí ipò lò. CAN gbé e lọ sílé ẹjọ́, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ńlá sì bínú gidi. Mo mọ ìdí ìbẹ̀rù wọn, nítorí ìjọba tí kò lè pa ilé tí kò ní ìwé àṣẹ rẹ́ kì í ṣe ẹni tí a ń fi ìwé owó ìjọ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀ ọ́ kò gbé nǹkan mìíràn sípò rẹ̀.

Ìyàwó olóògbé, Evelyn Joshua, ló ń darí ìjọ náà báyìí. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2020, ikú olùdásílẹ̀ fi kún un, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì Ìkòtún rí bí yàrá ṣe ń ṣófo. Ìparí ọdún 2021 ni ìsìn padà bẹ̀rẹ̀. Àlejò tún ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì nílò ibi tí wọn yóò sùn. Ìwé àṣẹ ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbà wọ́n sí, nínú ọgbà ìjọ àti lóde rẹ̀, yẹ kó wà ní gbangba lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó ti Johannesburg wá lè kà á kó tó gbé àpótí rẹ̀ wọlé.